Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa, kí ló dé tí àgbàdo fi wọ́n?

Aládìẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí, mo ní kí n gbé e wá síbí. Adìẹ ẹlẹ́yin ni mò ń sìn, wọ́n lé ní irinwó. Tí àgbàdo tuntun bá ti wọlé, mo máa ń rà á pamọ́ kó tó di ìgbà tí ọwọ́ kò ní ká a mọ́. Lọ́dún yìí, òjò kò já wa kulẹ̀, gbogbo oko tó yí mi ká ló ṣe dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n pe àpò kan, ṣe ni mo padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Mo bi alágbàtà tó ń tà fún mi. Ó ní ọ̀dá wà ní ilẹ̀ òkèèrè, epo ọkọ̀ ti gbówó lórí, wọ́n sì tún ń fi àgbàdo ṣe epo mọ́tò. Lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ń wá àwíjàre.

Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí? Òjò tí kò rọ̀ níbi tí mi ò dé rí, báwo ló ṣe ń dé inú ọpọ́n adìẹ mi? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni ká máa ṣọ́, kí ni ká ṣe kí ìdí òwò má baà wó mọ́ wa lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó má fi pamọ́.

Olùṣirò

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Alágbàtà yín kò parọ́, kò kàn to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ ni. Iṣẹ́ mi ni láti máa tẹ̀ lé iye tí wọ́n ń ta ọkà kárí ayé, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Ọjà àgbàdo àgbáyé dà bí àwo kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń bù nínú rẹ̀. Àwa tó ń jẹ ẹ́ wà nídìí àwo, ẹran ọ̀sìn wà níbẹ̀, ọkọ̀ náà sì ti fà àga jókòó. Amẹ́ríkà ló ń kórè àgbàdo jù láyé. Ní 2005 wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n máa po ẹtanọ́ọ̀lù mọ́ bẹntiróòlù. Ọtí líle ni ẹtanọ́ọ̀lù, ara ọkà tàbí ìrèké ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ní 2007 wọ́n sọ iye tó gbọ́dọ̀ wọ inú epo di púpọ̀ gan-an. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àgbàdo tí wọ́n ń kó lóko níbẹ̀ ló ń gba ilé iṣẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù kọjá.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kílò 100 àgbàdo ń mú bíi lítà 40 ẹtanọ́ọ̀lù jáde. Ọkọ̀ kékeré tí táǹkì rẹ̀ ń gba lítà 50, tó bá jẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù nìkan la fẹ́ rọ kún un, á gba àgbàdo tó bíi kílò 125 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí n má ṣe ojúsàájú o: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jóná. Bíi kílò 30 èérí gbígbẹ ló ń ṣẹ́kù nínú kílò 100 yẹn, oúnjẹ màlúù àti adìẹ gidi sì ni.

Ọdún 2012 ló là mí lójú. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbin àgbàdo lọ́dún náà, ohun tí wọ́n retí jẹ́ bíi mílíọ̀nù 375 tọ́ọ̀nù. Ọ̀dá bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn sì mú bí ẹni pé ó fẹ́ sun ilẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 273 ni wọ́n kó wọlé. Ohun tó tó mílíọ̀nù 100 tọ́ọ̀nù ló di àwátì nínú àwo. Ta ló máa dín ẹnu kù? Òfin ti sọ iye ẹtanọ́ọ̀lù tó gbọ́dọ̀ wọ inú epo lọ́dún náà, bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mélòó kan kọ̀wé sí EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, pé kí wọ́n dá òfin náà dúró fúngbà díẹ̀. José Graziano da Silva tó jẹ́ ọ̀gá àgbà FAO, àjọ àgbáyé lórí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, nígbà náà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ní oṣù Kọkànlá, EPA ní àwọn kò gbà. Kó tó dìgbà yẹn, ní oṣù Kẹjọ, àgbàdo ti kọjá dọ́là 8 lórí búṣẹ́ẹ̀lì kan ní ọjà ọkà Chicago ní Amẹ́ríkà (búṣẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ bíi kílò 25), irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí títí di ìgbà náà. Àwọn tó ń sin ẹran ló fara gbá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ta màlúù tí kò tíì tó tà, torí kò sí ohun tí wọ́n máa fi bọ́ ọ.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìyá wa mú lọ: ẹni tí òfin fún ní àga nídìí àwo kì í dìde. Tí ohun tó wà nínú àwo bá dín, àwa tí kò sí òfin tó ń gbè wá la máa fi ebi san án. Èmi ò gbà pé ó yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ le koránkorán lọ́dún tí ọ̀dá bá jà, mo sì ti sọ ọ́ níbi púpọ̀.

Àgbẹ̀Òwúrọ̀

Olùṣirò, ọmọ mi, o ṣeun. O ti sọ ti epo, jẹ́ kí èmi sọ ti òjò, nítorí mo rí i pé Aládìẹ ní òjò rọ̀ dáadáa. Ìgbà wo ló rọ̀? Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nìyẹn. Òjò lè pọ̀ títí lọ́dún kan kí ọkà má sì sí.

Àwọn baba wa ní ìhòhò ni àgbàdo lọ sóko, igba ọmọ àti igba aṣọ ló kó bọ̀. Ṣùgbọ́n bíi ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ń gba àwọn ọmọ náà. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lórí igi rẹ̀ ni akọ, òun ló ń gbọn ìyẹ̀fun sílẹ̀. Irun tó yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni abo. Irun kọ̀ọ̀kan, hóró kan ló so mọ́. Irun tí ìyẹ̀fun kò bà lé, hóró tirẹ̀ kò ní sí, àyè rẹ̀ á ṣófo lára ṣúúkù. Tí ọ̀dá bá mú un lásìkò yẹn, irun á lọ́ra, ìyẹ̀fun á sì ti gbọ̀n tán kí irun tó yọjú. Tí oòrùn bá ń kọjá 35 °C lójoojúmọ́, ìyẹ̀fun náà á gbẹ kú lókè níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí òjò lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lálẹ́ lọ́sàn-án, ewé á tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó bá ń kọjá lọ á ní oko yìí mà dára o. Ọmọ kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé, ẹni tó bá ní oko lè dán an wò. Tí irun bá ti yọ tó bí ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń ya ọmọ àgbàdo bíi mẹ́wàá láti ibi tó yàtọ̀ síra nínú oko, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìkan. Màá fi ọ̀bẹ la háhá rẹ̀ láti ìdí dé orí, màá rọra ṣí i kí irun má baà já. Màá wá di ìdí rẹ̀ mú, màá dojú rẹ̀ délẹ̀, màá gbọ̀n ọ́n. Irun tí ìyẹ̀fun ti bà lé á já bọ́ fúnra rẹ̀, nítorí hóró rẹ̀ ti lóyún, kò nílò irun náà mọ́. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kò tíì rí nǹkan kan gbà.

Ọdún kan wà tí mo gbọ̀n ọ́n, tí irun kò kúrò láti àárín lọ sókè. Ó kàn rọ̀ síbẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ. Mo ya òmíràn, bákan náà. Mo jókòó sórí ebè níbẹ̀. Oko náà tutù, ó ga jù mí lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń kí mi kú oríire. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún ìyàwó mi pé ká má ta hóró kan mọ́ nínú èyí tó wà ní àká. Ìkórè ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tí gbogbo ayé wá mọ̀, iye àgbàdo ti lọ sókè.

Òru tó bá móoru tún ń jà wá lólè. Irúgbìn ń mí lóru bí ènìyàn ṣe ń mí, bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ná èyí tó kó jọ lọ́sàn-án tó. Hóró á wà lóòótọ́, á kàn fúyẹ́ ni. Ìrẹsì ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí jù.

Awakọ̀Òru

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọkà ni mò ń kó láti bí ọdún mọ́kànlá, mo fẹ́ fi tèmi kún un.

Ìyá Aládìẹ, àpò àgbàdo tí ẹ fẹ́ rà yẹn, dísù ti wọ inú rẹ̀ ní bíi ọ̀nà márùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Katakata tó túlẹ̀ mu ún. Ẹ̀rọ tó pa á mu ún. Tí òjò bá rọ̀ nígbà ìkórè, ẹ̀rọ tó sá a gbẹ tún mu ún. Ọkọ̀ kékeré gbé e jáde lóko, ọkọ̀ ńlá gbé e débi àká, òmíràn tún gbé e wá sọ́jà. Tí dísù bá fi díẹ̀ gbówó lórí, olúkúlùkù á fi tirẹ̀ lé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé a ní láti padà. Tí n kò bá rí ẹrù gbé bọ̀, iye dísù tí mo fi padà lófìfo, orí ẹrù tí mo gbé lọ ni mo ti ń yọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá lè bá onílé ẹrù sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ má padà lófìfo, ó ti rí ẹ̀dínwó gbà nìyẹn. Ẹ bi awakọ̀ yín ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá já ẹrù yín tán. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ní ẹrù ní ọ̀nà yẹn, ẹ so wọ́n pọ̀. Èmi máa ń dín owó fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọ̀dá tún máa ń kọ lu ọ̀nà omi. Nígbà ọ̀dá 2012 yẹn àti ní 2022, odò Mississippi ní Amẹ́ríkà fà débi pé àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń kó ọkà lọ sí etíkun kò lè gbé ẹrù kún mọ́, àwọn kan gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ní 2023, omi adágún tó ń bọ́ ipadò Panama, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ láti so òkun méjì pọ̀, dín kù, wọ́n sì dín iye ọkọ̀ òkun tó ń kọjá lójúmọ́ kù. Oòrùn kan náà tó pa oko ló dí ọ̀nà tí ọkà yòókù ì bá gbà.

Òǹkàwé

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló yé mi, àmọ́ ẹ ò mẹ́nu ba àwọn tó ń kó ọkà pamọ́ kó lè wọ́n. Ṣé kì í ṣe àwọn gan-an ló ń fìyà jẹ wá?

Olùṣirò

Wọ́n wà, mi ò ní sọ pé wọn ò sí. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: ẹni tó ń kó ọkà pamọ́ kò lè rí nǹkan ṣe lọ́dún tí àká gbogbo ayé kún. Á kó o títí, kòkòrò á bá a jẹ ẹ́. Ọdún tí àká bá fẹ́ẹ́ ṣófo ni wọ́n máa ń rọ́wọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ wo iye ọkà tó máa ṣẹ́kù ní àká kí tuntun tó dé. Tó bá pọ̀, ọ̀dá kan kò lè da ọjà rú pátápátá. Tó bá kéré, ìròyìn kékeré lásán tó láti gbé iye rẹ̀ sókè.

Àwọn ìjọba gan-an máa ń kó o pamọ́, torí ẹ̀rù. Ní 2010, ooru àti iná igbó jẹ àlìkámà Rọ́ṣíà, ni wọ́n bá ní láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ kí ọkà kankan má jáde nílẹ̀ wọn mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rà lọ́wọ́ wọn sáré lọ síbòmíràn, àlìkámà sì gbówó lórí níbi gbogbo. Ní oṣù Keje 2023, Íńdíà dá títa ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati (ìrẹsì wọn tó ń ta sánsán) sókè òkun dúró, nítorí òjò wọn kò lọ déédéé, El Niño, ìgbóná omi òkun Pásífíìkì tó máa ń da òjò rú, sì ti ń bọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá, ará ilé wọn ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wọn ló jẹ ìyà náà.

Ìrèké

Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn díẹ̀ kún ti epo. Kì í ṣe àgbàdo nìkan. Láti 1975 ni Brazil ti gbé ètò ẹtanọ́ọ̀lù ìrèké kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn lè fi ìrèké kan náà ṣe ṣúgà tàbí ẹtanọ́ọ̀lù, èyí tó bá ń mówó wọlé jù ni wọ́n máa ṣe. Tí epo rọ̀bì bá wọ́n, ẹ máa ṣọ́ ṣúgà. Indonesia ń po epo ọ̀pẹ mọ́ dísù: ìdá 30 nínú 100 ní 2020, 35 ní 2023, 40 ní 2025. Òróró tí ọkọ̀ bá ti mu, kò sí ẹni tó máa fi dín nǹkan mọ́.

Ọmọ Olóko

Ẹ ti gbàgbé ajílẹ̀! Òun gan-an ló ń pa wá lára jù.

Ajílẹ̀ oníyọ̀ funfun tí a ń pè ní yúríà, gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ń fa náítrójìn inú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń yọ háídrójìn lára gáàsì ilẹ̀, wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ lábẹ́ iná àti agbára ńlá, ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe yúríà. Gáàsì ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń ná lé e lórí. Ní 2021 àti 2022 tí gáàsì wọ́n bí ojú ní Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ogun ńlá láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022, àwọn méjèèjì tó ń jà sì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù láyé, Rọ́ṣíà tún ń ta gáàsì àti ajílẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún yẹn ni òṣùwọ̀n iye oúnjẹ tí FAO ń gbé jáde lóṣooṣù ga jù látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é.

Èyí ni ìdí tí àgbàdo fi lè wọ́n lọ́dún tí òjò rọ̀ dáadáa, ìyá wa. Àgbẹ̀ tó kórè lónìí, owó ajílẹ̀ oṣù márùn-ún sẹ́yìn ló ń wá. Tí kò bá rí i gbà, kò ní lè gbin tọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo pín ajílẹ̀ mi sí ẹ̀ẹ̀mejì, mi ò dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Mo sì ń gbin ẹ̀wà sórí ilẹ̀ tí mo bá kórè àgbàdo lórí rẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀wà ń dá náítrójìn padà sílẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo ń wá lójú méjèèjì. Ìyá Aládìẹ, kí lẹ ń fi tiyín ṣe?

Aládìẹ

Hà! Ṣe ni mò ń sanwó fún ẹni tó ń bá mi kó o dànù.

Ọmọ Olóko

Ẹ má dà á nù mọ́, mo bẹ̀ yín. Ẹ kó o jọ síbi tí òjò kò ti ní pa á, ẹ po koríko gbígbẹ tàbí igi fífá mọ́ ọn, ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó jẹrà fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Tútù rẹ̀ ń jó irúgbìn, ó sì lè kó àrùn ran ènìyàn. Tó bá ti dúdú, tó ti rí bí ilẹ̀, tí kò rùn mọ́, ó ti di owó nìyẹn. Ẹ bá àgbẹ̀ kan tó wà nítòsí yín sọ ọ́ kó tó gbìn: ẹ fún un ní ìgbẹ́ adìẹ, kó fún yín ní àgbàdo nígbà ìkórè. Òun kò ra yúríà púpọ̀, ẹ̀yin náà kò san owó ọ̀nà jíjìn.

Àgbẹ̀Òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ká ní ó sún mọ́ mi ni, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wá. Ẹ kàn fẹnu kò sí iye kílò àgbàdo tí wọ́n máa fún yín. Ẹ má fi ti owó ṣe, nítorí owó á ti yí padà kí ìkórè tó dé.

Alábòójútó Àká

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpamọ́, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ tó rà á ní ọ̀pọ̀ tó tún dà á nù.

Ìyá Aládìẹ, ẹ má fi gbogbo owó yín rà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ìdá kan nígbà tí ìkórè bá kún ọjà tí ọkà sì ti gbẹ, ìdá kan ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìdá tó kù kí ó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ fi máa wo ojú ọjà. Ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó bá ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tó wọ́n jù, ó ti tán nìyẹn. Ẹni tí kò rà rárá pé á rọ̀ lọ́la náà ń fi òwò rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bákan náà, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà máa ń yára gòkè ju bó ṣe ń sọ̀ lọ. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọkà ti rọlẹ̀ ní Chicago, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí i lọ́wọ́ alágbàtà yín, torí èyí tó rà wọ́n ló ṣì ń tà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán ọ̀rinrin rẹ̀ wò. Ẹ wá ìgò kan tó gbẹ táútáú, tó ní ìdérí. Ẹ bu ọkà sí i títí á fi tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu ṣíbí iyọ̀ kan tàbí méjì sí i, iyọ̀ tí ẹ ti sá gbẹ. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà náà ṣì tutù, ọ̀rinrin rẹ̀ ti kọjá 15 nínú 100. Ẹ má gbé e wọ àká. Èyí tí a fẹ́ pamọ́ pẹ́ kò yẹ kó ju 13 lọ. Ọkà tó tutù á hu olú, májèlé tí a ń pè ní aflatoxin á sì wọ inú rẹ̀, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́ tí ń dín ẹyin kù. Ọkà tí ọ̀dá jà náà máa ń ní i látinú oko wá, nítorí náà, lọ́dún ọ̀dá ẹ ṣọ́ra fún hóró tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó ní ìyẹ̀fun lára.

Tó bá ti gbẹ, àpò tí afẹ́fẹ́ kì í gbà wọlé ló dára jù. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, á sì kú, láìsí oògùn. Ẹ so ẹnu rẹ̀ le, ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri.

Olùṣirò

Ẹ fi èyí kún un: ẹ má jẹ́ kí àgbàdo nìkan ló mọ ojú adìẹ yín. Ọkà bàbà tí kò korò lè gba ipò apá kan nínú rẹ̀. Ẹ rọra yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí wọ́n má baà kọ oúnjẹ. Ẹyin wọn á máa ní inú tó funfun díẹ̀, torí àgbàdo pupa ló ń fún un ní àwọ̀ pupa tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín kí wọ́n má rò pé ó ti bàjẹ́. Ewé tútù díẹ̀ á ràn án lọ́wọ́.

Ní ti ohun tí ẹ ní ká máa ṣọ́: oṣù Keje ni àgbàdo Amẹ́ríkà ń yọ irun, oṣù Kẹrin sí Ìkarùn-ún ni ti ìgbìn kejì Brazil. Tí ẹ bá gbọ́ pé oòrùn mú níbẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ má dúró de ìkórè kí ẹ tó ra ìdá kejì. Wọ́n dá AMIS, ètò tó ń kó ìròyìn ọjà ọkà àgbáyé jọ, sílẹ̀ ní 2011 lẹ́yìn ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ 2007 sí 2008 àti 2010, ìròyìn wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ayélujára, ó ń sọ bí oko ṣe rí àti iye tó wà ní àká. Ẹ wò ó pa pọ̀ mọ́ iye epo rọ̀bì. Tí oko bá burú tí epo sì wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, àkókò tó yẹ kí ẹ tètè gbé ẹsẹ̀ nìyẹn.

Aládìẹ

Mo padà wá dúpẹ́, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ṣe ti iyọ̀ yẹn lánàá. Àpò mẹ́fà ni mo dán wò lọ́dọ̀ alágbàtà, ó ń wò mí pé kí ni mo ń ṣe. Iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ìgò méjì gbàgbà. Mo fi méjì náà sílẹ̀, mo ra mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ sì ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo tún ti bá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí mi sọ̀rọ̀. A ti fẹnu kò: òkìtì ìgbẹ́ adìẹ tí mo bá kó jọ títí di ìgbà ìtúlẹ̀ á di tirẹ̀, èmi á sì gba kílò 600 àgbàdo gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ìkórè. Ó ní òun á jẹ́ kí n wá sóko nígbà tí irun bá yọ. Bàbá Àgbẹ̀Òwúrọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá la háhá rẹ̀, ṣé apá ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí n lò kí irun má baà já?

Àgbẹ̀Òwúrọ̀

Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìlà kan ṣoṣo láti ìdí, kí ẹ wá fi ọwọ́ bó èyí tó kù. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú.